Fóònù Tí Sọ̀fíyátù Gbé Lọ Pààrọ̀ ní Mowé

Nígbà tí fóònù kọ́kọ́ wọ ọwọ́ Sọ̀fíyátù, Sùlèímọ́nù ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Ògúnkànmí onílé wọn ní Ìbafò ṣì wà láyé, òun àti ikọ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Sẹ̀gilọlá tí wọ́n jọ ń yan gàrí nídìí ààrò kan náà ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í dákẹ́. Sàúdátù, ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyátù, ọmọ ìyá rẹ̀, wà ní Ifọ̀, ara rẹ̀ le bí ọta, ó ń ru igi ìdáná tí ọkùnrin máa wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáwọ́ lé e. Lákòókò yẹn, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì Ìbàdàn ṣì lè rí igbó lọ́tùn-ún lósì. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù ti jẹ igbó náà tán.

Sùlèímọ́nù ló ra fóònù náà. Káfíńtà ni. Méjì ló rà lẹ́ẹ̀kan, kékeré dúdú, oníbọ́tìnnì, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀kan, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí Sàúdátù. Ó ní ó ti sú òun láti máa gbọ́ “mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi” lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti Ìbafò dé Ifọ̀ kò jìnnà lójú ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kò ní ìyẹ́. Ọkọ̀ mẹ́rin lèèyàn máa wọ̀: Ìbafò sí Berger, Berger sí Akútè, Akútè sí Sàngó Ọ̀tà, Sàngó sí Ifọ̀. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó débẹ̀.

Nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀wé. Sọ̀fíyátù ké kéú díẹ̀ ní kékeré ní Ìwó, ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ibẹ̀ ló parí sí. Nítorí náà, Sùlèímọ́nù kò yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó fi Sàúdátù sórí bọ́tìnnì méjì, ó fi Sódìq ọmọ Sàúdátù tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò sórí mẹ́ta, ó fi ara rẹ̀ sórí mẹ́rin; nínú ti Sàúdátù, Sọ̀fíyátù ló wà lórí méjì. Ó ní: “Ìwọ ṣáà tẹ méjì mọ́lẹ̀. Sọ pé Bísímílláhì. Kó o tó sọ ọ́ tán, á ti máa dún ní Ifọ̀.” Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Òun náà ló kọ́ wọn ní fílàṣì, torí kò fẹ́ kí wọ́n máa jẹ káàdì bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Bí Sàúdátù bá ti kírun àsùbáà tán, á tẹ méjì tirẹ̀, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, á sì pa á. Sọ̀fíyátù náà á fílàṣì padà. Ẹnikẹ́ni kì í gbé e. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé mo jí, ara mi le, ìwọ náà ńkọ́? Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì léra, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, pè mí. Bí ọjọ́ méjì bá sì kọjá tí fílàṣì kò wọlé, kí ẹni tó lè rìn dìde, kó lọ wo ẹnì kejì.

Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe é. Kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n máa sin Sùlèímọ́nù pàápàá, ìyẹn ọdún kẹfà sí ìgbà tó ra fóònù, Sàúdátù fílàṣì láti Ifọ̀ kó tó gbéra wá síbi òkú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú Sàúdátù. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìdí ẹ̀rọ omi, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ rin oòrùn, kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Sọ̀fíyátù bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa bá òun gbé.

Sàúdátù ní: “Kí n wá bá ọ nínú yàrá kan ṣoṣo? Ta ni yóò sùn sórí àga? Ẹ̀yìnkùlé níbí ni sàréè ọkọ mi wà. Jẹ́ kí n máa ṣọ́ ọ.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ mẹ́jọ tí ìyá wọn bí. Orúnkún Sọ̀fíyátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹsẹ̀ Sàúdátù ń wọ́, Ìtúnu Ààwẹ̀ méjì ti kọjá tí ojú wọn kò ríra. Fílàṣì àárọ̀ nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ìgbà tí Sọ̀fíyátù rí Fúnmi, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí tirẹ̀, tó ń bá àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù onígíláàsì, tí ojú àbúrò náà yọ sínú rẹ̀ gbàgà, tó ń jẹ búrẹ́dì tó sì ń rẹ́rìn-ín, ni ara Sọ̀fíyátù kò gbà á mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló tẹ Sàúdátù láago gan-an.

“Ìyá Sódìq, fóònù kan wà tí mo fi lè máa rí ojú yín.”

“Kí lo fẹ́ fi ojú mi ṣe? O ò tíì mọ̀ ọ́n ni?”

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí báyìí ni.”

“Ó ti hun. Ó ti di ojú ìyá wa. Lọ wo díńgí, wàá rí i níbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Sọ̀fí, fi fóònù Sùlè sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tí ò bà jẹ́, wọn kì í tún un ṣe.”

Ó ti sọ̀rọ̀. Sọ̀fíyátù ni kò gbọ́.

Tòún ọmọ ọmọ rẹ̀ ló mú ìròyìn wá. Tòún ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn kan ní Arẹpò, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń wálé. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ti gbé ọkọ̀ wá sí ọjà Mowé, pé tèèyàn bá gbé ògbólógbòó fóònù lọ, tó fi owó díẹ̀ lé e, wọ́n á gbé onígíláàsì tuntun fún un. Ó ní tí Màmá Àgbà bá gba ìyẹn, òun á wá ọ̀nà gba òmíràn fún Màmá Ifọ̀, wọ́n á sì jọ máa rí ara wọn. Ọkàn Sọ̀fíyátù fò sókè. Ní ọjọ́ Àtìní, lẹ́yìn tí fílàṣì àárọ̀ ti wọlé tó sì ti dá a padà, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, òun àti Tòún wọkọ̀ lọ sí Mowé.

Ọkọ̀ náà pọ́n bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ẹ̀rọ orí rẹ̀ ń ké: “Ẹ gbé ògbólógbòó wá! Ẹ fi díẹ̀ lé e! Ẹ gbé tuntun lọ!” Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rosemary ló gbà wọ́n lálejò. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló mú kí Sọ̀fíyátù fọkàn tán an. Sọ̀fíyátù tú fóònù kúrò nínú hánkáṣíìfù.

“Hà, Màmá! Èyí mà ti dàgbà jù mí lọ.”

“Irọ́ ni. Ọdún mẹ́tàlá péré ni.”

“Tí fóònù bá pé ọdún mẹ́tàlá, Màmá, ó ti di baba ńlá.”

Tòún rẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyátù kò rẹ́rìn-ín. Ó di fóònù náà mú síbẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀. Orí méjì ló wà. Ṣé á bá mi dé inú tuntun yẹn?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú síìmù ni gbogbo ẹ̀ máa ń wà. Síìmù yín náà la máa fi sínú tuntun.”

“Ṣé o wò ó?”

“Màmá, iṣẹ́ wa nìyẹn.”

Kò wò ó. Bó bá jẹ́ pé ó wò ó ni, ì bá rí i pé Sùlèímọ́nù, olóòótọ́ ènìyàn, inú fóònù ló kó gbogbo wọn sí, kò kó ẹyọ kan sínú síìmù. Rosemary gba fóònù, ó yọ síìmù, ó ní ó tóbi jù fún ihò tuntun. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́, síìmù já tọ́. Ó kọ orúkọ Sọ̀fíyátù sínú ìwé, Sọ̀fíyátù sanwó, ó tẹ̀ka sí i, Rosemary ju fóònù Sùlèímọ́nù sínú àpò ìrẹsì kan lẹ́yìn rẹ̀. Sọ̀fíyátù gbọ́ bó ṣe ko àwọn yòókù, kókó, bí ẹní ju òkúta sínú kànga tó gbẹ.

Tuntun tan yòò. Wọ́n fi ya Sọ̀fíyátù ní fọ́tò, ó rí ara rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni, ojú ìyá wọn ni. Rosemary ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa wọlé tó bá dìrọ̀lẹ́. Tòún gba ibẹ̀ padà sí Arẹpò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, Sọ̀fíyátù kírun àsùbáà, ó gbé fóònù tuntun ka orí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbà. Ó fà á yípo, ó tún fà á yípo. Fóònù kò dún. Ó wá bọ́tìnnì méjì, kò sí bọ́tìnnì kankan. Ojú gíláàsì lásán ni, ó ń dán bí ojú ẹja. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó tàn, ó kú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Fúnmi.

Fúnmi fá á sókè, ó fá á sísàlẹ̀. “Màmá, ó ní kò sí síìmù nínú ẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe fi í sí i.”

“Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò rí i. Ẹ sọ nọ́ńbà Màmá Ifọ̀, kí n fi tèmi pè wọ́n.”

Sọ̀fíyátù wò ó. “Méjì ni,” ó ní.

“Méjì kí ni, Màmá?”

Nígbà náà ni ohun tó ṣe wá yé e. Kò mọ nọ́ńbà ẹnì kankan láyé yìí, kò sì mọ ilé tí Tòún ti ń ṣiṣẹ́ ní Arẹpò. Sàúdátù ni méjì, Sódìq ni mẹ́ta, Tòún tó fi ara rẹ̀ kún un lẹ́yìn ni márùn-ún. Àwọn èèyàn rẹ̀ wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì ti gbé wọn fún ọmọ ọlọ́mọ nínú ọjà.

Ó padà sí Mowé. Rosemary yọ síìmù, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí ẹnu. Ẹ̀rọ tó fi gé e ti jẹ wọ inú irin rẹ̀. Ó ní kí Màmá lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọ́n á ṣe òmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà.

“Jọ̀ọ́, gba tuntun rẹ, fún mi ní ògbólógbòó mi.”

“A kì í dá a padà, Màmá. Ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ tẹ̀ka sí.”

“Mi ò mọ̀wé.”

“Màmá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lánàá.”

Nígbà tó dé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọ́n ti ń tilẹ̀kùn. Ó tún padà ní ọjọ́ Àlàrùba, kí wọ́n tó ṣí. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Ìgbà tó kan án, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Iná pupa tàn lójú ẹ̀rọ náà, kò gbà á. Ó ní kó gbé èkejì lé e. Ó pọ́n. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n gbé lé e níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi omi nù ún, wọ́n fi aṣọ nù ún, ẹ̀rọ kò gbà.

“Màmá, ọwọ́ yín ò ní ìlà.”

Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ pariwo: “Ẹ̀yin Màmá yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ jalè nígbà ọmọdé, tẹ́ ẹ wá fá ìlà ọwọ́ dànù?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

“Gàrí ló kó o lọ, ọmọ mi,” Sọ̀fíyátù dá a lóhùn. “Ogójì ọdún nídìí agbada. Iná jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí léèrè rẹ̀.” Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó lọ búra ní kóòtù, kó gbé ìwé ìbúra wá ní ọjọ́ Àtìní.

Ọjọ́ Àtìní! Sọ̀fíyátù jáde, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá títì. Ó fi ìka kà á. Àtàláátà, kò sí fílàṣì. Àlàrùba, kò sí fílàṣì. Ọjọ́ méjì ti pé. Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣàìsàn ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun ṣe ń kà á ní Ìbafò ni Sàúdátù ń kà á ní Ifọ̀. Ó mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Bó bá di ọ̀la tí fóònù kò dún, Sàúdátù á fi ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ yẹn bọ́ sójú títì, á ní òun ń bọ̀ wá wo àbúrò òun. Ọkọ̀ mẹ́rin. Oòrùn. Ọkàn tó dàrú. Gbogbo ohun tí dókítà ní kò gbọdọ̀ ṣe pátá.

Ó yẹ kí ó gbéra lọ sí Ifọ̀ lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti wú bí ìkòkò látàrí ìrìn ọjọ́ méjì, èrò kan sì ti wọ̀ ọ́ lórí tí kò kúrò: bí òun bá lè rí fóònù Sùlèímọ́nù gbà fún ìṣẹ́jú kan péré, bí òun bá ṣáà lè tẹ méjì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ló tún dé ìdí ọkọ̀ náà. Rosemary rí i látòkèèrè, ó fẹ́ gba ẹ̀yìn lọ. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tó ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọjà Mowé.

“Màmá, ẹ dìde! Ẹ má fi mí bú. Ẹ dìde!”

“Jẹ́ kí n ṣáà tẹ méjì. Mi ò ní gbé e lọ. Ìwọ náà lè dì í mú lọ́wọ́ kan.”

Rosemary wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wọ́ àpò ìrẹsì méjì jáde. Ó ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kó wọn lọ sí Èkó, kí Màmá ṣe kíá. Sọ̀fíyátù jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó tú àpò. Fóònù dúdú kékeré, fóònù dúdú kékeré, bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo wọn jọra. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi ọjà sílẹ̀, ó wá ràn án lọ́wọ́.

“Báwo lẹ ṣe máa mọ tiyín, Màmá?”

“Ọkọ mi fi ayùn fá etí rẹ̀, kó má bàa pààrọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n tú àpò kìíní tán, kò sí níbẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Nínú àpò kejì, nísàlẹ̀ pátápátá, ìka Sọ̀fíyátù tí kò ní ìlà mọ́ kan ojú ibi tí ayùn gbà. Ó pariwo bí ẹni tó bímọ. Aláta pariwo pẹ̀lú rẹ̀. Rosemary wá bátìrì kan fi sí i, ó fi síìmù ara rẹ̀ sí i. Fóònù tàn, iná ojú rẹ̀ àtijọ́ yẹn, tó pọ́n díẹ̀. Sọ̀fíyátù tẹ méjì mọ́lẹ̀.

“Bísímílláhì.”

Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sọ ọ́, ó sọ ọ́ gún, ó sọ ọ́ dé òpin. Ó tẹ mẹ́ta. Ó tẹ márùn-ún. Ó tẹ mẹ́rin pàápàá, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́ láyé. Gbogbo rẹ̀ ń ké kín-ín, ó ń dákẹ́.

Rosemary gbá orí mú. “Ah. Màmá. A ti nù ún. Ọjọ́ tá a bá ti gbà wọ́n la máa ń pa gbogbo ohun inú wọn rẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ni, kí àṣírí yín má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.”

“Àṣírí wo? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni àṣírí?”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Ìwọ lo sọ pé inú síìmù ni.”

“Mo rò pé inú síìmù ni.”

Sọ̀fíyátù kò ṣépè fún un. Ó kàn gbé fóònù náà lé àyà, ó sì di dandan kí Rosemary tú ìka rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà fóònù náà ti wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Omi ń bọ́ lójú ọmọ náà bó ṣe ń tú u. Ó sì dá a padà sínú àpò.

Nígbà tó fi máa délé, ọjọ́ ti ń rọ̀. Ó ní òun ń lọ sí Ifọ̀ nísinsìnyí. Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ̀ ò ní sí ní Sàngó tó bá fi máa débẹ̀, kó jẹ́ kó di àárọ̀. Sọ̀fíyátù jẹ́ kó di àárọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò dúró fa tẹ̀súbà. Ìbafò sí Berger, Berger sí Akútè. Ní Akútè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn kọjá láàárín èrò, ó wọ ọkọ̀ Sàngó. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Lójú ọ̀nà Sàngó, nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọn pàdé, ó ń wò ó bóyá ojú tí òun mọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ń sáré, ojú kan kì í dúró.

Ìgbà tó dé Ifọ̀, àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn Sàúdátù. Bùrẹ́ímọ̀ tó ń fi iná jó irin ní ojúde kejì ṣí awò kúrò lójú. Ó wò ó, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Ìbafò? Ẹ̀yin nìyí?”

“Èmi ni. Ìyá Sódìq dà?”

“Ẹ ò kú!”

“Mo ní ìyá Sódìq dà, Bùrẹ́ímọ̀!”

“Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ yín. Àná ni wọ́n fẹ́ lọ, mo dá wọn dúró. Mo ní ẹ jẹ́ ká máa pè yín. A pè yín láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kò lọ. Lónìí, kí n tó jí, wọ́n ti jáde. Wọ́n sọ fún ìyàwó mi pé àbúrò àwọn ò ní í ṣàì fílàṣì àfi tó bá kú, pé àwọn ń lọ sin ín.”

Bùrẹ́ímọ̀ ti fa fóònù yọ. Ó ní nọ́ńbà Sàúdátù, aládùúgbò ni. Ó dún, ó dún, ẹnì kan gbé e. Kì í ṣe Sàúdátù.

“Ẹ ṣeun, Jésù! Ẹ̀yin ta ni?” Ohùn ọmọbìnrin ni. “Jésùlayọ̀mi ni mò ń jẹ́, mò ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Akútè. Màmá tó ni fóònù yìí ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀. A ti gbé wọn lọ sí ọsibítù kékeré tó wà lẹ́yìn ibí. Méjì ni wọ́n ń fi ìka hàn mí ṣáá, ẹnu wọn ò gbé ọ̀rọ̀. Mo ti tẹ méjì náà títí, kò lọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè pè.”

Sọ̀fíyátù gbọ́ ọ. Bùrẹ́ímọ̀ ti jẹ́ kó máa sọ síta. Àárọ̀ yẹn, nígbà tí òun ń sáré láti orí ọkọ̀ kan bọ́ sórí èkejì ní Akútè, ilé méjì péré ló wà láàárín òun àti ibi tí ẹ̀gbọ́n òun dùbúlẹ̀ sí.

Bùrẹ́ímọ̀ gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Wọn ò wọkọ̀. Ó gba ọ̀nà Ìjókò àti Àgbàdo, ó ń fun fèrè bí ẹni tó gbé òkú. Sọ̀fíyátù di aṣọ rẹ̀ mú, gbogbo ọ̀nà ló ń sọ ohun kan ṣoṣo: “Ẹ má tíì lọ. Mò ń bọ̀. Ẹ má tíì lọ.”

Wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Yàrá kan ṣoṣo ni ọsibítù náà, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, fáànù tí kò yí. Sàúdátù wà lórí èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Apá òsì rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì náà jókòó tì í, ó ń fi páálí búrẹ́dì fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀, dókítà ti ń bọ̀.

“Ìyá Sódìq. Èmi ni. Sọ̀fí ni.”

Ojú náà yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ara rẹ̀. Ó wò ó láti orí dé àyà, bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò.

“O ò... kú.”

“Mi ò kú. Ara mi le. Fóònù ni mo lọ pààrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù lásán ni. Ẹ dárí jì mí.”

Ọwọ́ ọ̀tún Sàúdátù wá ọwọ́ Sọ̀fíyátù rí lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó dì í mú.

“O ti... jẹun?”

Sọ̀fíyátù kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìrọ̀lẹ́ àná.

“Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo yó.”

“Ó dáa.”

Dókítà dé nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń kí ara wọn kú Jímọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Kò rí nǹkan ṣe. Jímọ̀ yẹn, ọjọ́ kọkànlá oṣù Ṣáábánù, ni Sàúdátù ọmọ ìyá Sọ̀fíyátù kú, ní Akútè, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.